Èso wo ni kí n máa fún ehoro àti gíní-píìgì ọmọ mi, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Èso ni mò ń tà ní Bódìjà n'Íbàdàn níbí. Ọmọ mi ọkùnrin ní ehoro méjì àti gíní-píìgì kan, inú kéèjì kan náà ni gbogbo wọn wà. Èso tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi lálẹ́ ni mo máa ń kó fún wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ jù, wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máńgòrò, pẹ̀lú fíìdì growers adìyẹ tí àbúrò mi máa ń bù wá. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìdí ehoro kan ti ń dọ̀tí, ìgbẹ́ dúdú tó rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn nírun. Gíní-píìgì yẹn náà ò fẹ́ rìn mọ́, tí a bá gbé e á máa ké. Èso wo ni kò dáa nínú gbogbo ẹ̀, èwo ni kí n máa fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o Màmá. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ, torí inú àlàyé yín yẹn náà ni mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin rò pé èso kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fún gbogbo wọn, àmọ́ ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra. Èso ti pọ̀ jù fún ehoro yín. Gíní-píìgì ní tiẹ̀ ń jẹ èso lójoojúmọ́, síbẹ̀ ohun tí ara ẹ̀ ń wá nínú èso ò tó o.

Gíní-píìgì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, lónìí, kó má di ọ̀la. Tí ó bá ti ń rìn dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá jókòó sójú kan, tó ń ké tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, oríkèé ẹ̀ ló sábà máa ń dùn ún, ohun tó sì wọ́pọ̀ jù tó ń fa irú ẹ̀ ni àìtó fítámì C. Ehoro máa ń ṣe fítámì C fúnra ẹ̀ nínú ara, ewúrẹ́ ń ṣe é, ajá ń ṣe é, àmọ́ gíní-píìgì ò lè ṣe é, bó ṣe rí fún àwa èèyàn náà nìyẹn, àfi kó máa jẹ ẹ́ wọlé lójoojúmọ́. Tí kò bá rí i jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, irun á gbẹ á wá rí wúruwùru, egbò tó bá ní ò ní tètè jinná. Scurvy ni wọ́n ń pè é, òun náà ló ń pa àwọn atukọ̀ ojú òkun láyé àtijọ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich, fi ọkà àti búrẹ́dì nìkan bọ́ gíní-píìgì ní 1907, àìsàn yìí sì mú àwọn ẹranko náà, wọ́n wá rí i pé kábéèjì tútù àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ń dènà ẹ̀. Fíìdì adìyẹ tí ẹ ń fún tiyín, ọkà náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Adìyẹ ń ṣe fítámì C tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe nítorí gíní-píìgì ni wọ́n ṣe po fíìdì yẹn. Ẹ tún rántí pé wọ́n máa ń po oògùn àrùn adìyẹ mọ́ àwọn fíìdì kan, irú oògùn kan nínú wọn sì lè pa ehoro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fíìdì growers yẹn padà fún àbúrò yín.

Ẹ ó ní ṣebí mo ń fún un léso. Òótọ́ ni, àmọ́ èso ju èso lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wọn gíráàmù 100, fítámì C inú ẹ̀ ò ju bíi milligram 9 lọ, ti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù ò ju bíi 8 lọ. Ọsàn ní tó 50, ìbẹ́pẹ ní bíi 60, gúáfà wá ju gbogbo wọn lọ pátápátá, ó lé ní 200! Gíní-píìgì tó wọn kílò kan nílò milligram 10 sí 30 lójúmọ́, èyí tó bá lóyún nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wò ó, tó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa fi rí 20, á jẹ ju gíráàmù 200 lọ lójúmọ́, inú ẹ̀ á ti bàjẹ́ kó tó jẹ ẹ́ débẹ̀. Àmọ́ gúáfà gíráàmù 10 péré, ègé kékeré kan báyìí, ó ti fún un ní 20 ó lé díẹ̀. Gúáfà tí àwọn èèyàn ń kọjá lára ẹ̀ lórí àtẹ yín yẹn ló yẹ kí gíní-píìgì ti máa jẹ látọjọ́ yìí.

Èyí tó tún sàn ju gúáfà lọ fún ojoojúmọ́ ni tàtàsé, mo ń sọ ti gbọ̀ǹgbọ̀ tí kì í ta yẹn, yálà èyí tó pupa tàbí èyí tó ní àwọ̀ ewé, pupa ló lágbára jù. Ṣúgà inú ẹ̀ kéré gan-an sí ti èso, fítámì C inú ẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọsàn lọ dáadáa. Ẹ yọ kóró ẹ̀ àti ìdí ẹ̀, kí ẹ gé ègé kan tó fẹ̀ tó ìka méjì fún un láràárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ahọ́n yín wò o, torí tàtàsé míì nínú ọjà wa ń ta.

Àmọ́ ti èyí tó ti ń ṣàìsàn yìí, tàtàsé nìkan ò ní yá tó. Fítámì C funfun 100 milligram tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ lọ ìdajì ẹ̀ kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra máa kán an sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí dókítà ẹranko á fi rí i. Ẹ má fi sínú omi mímu ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń tètè ba fítámì C jẹ́ nínú omi, adùn omi náà á yí padà, ẹranko á wá kọ̀ láti mu ún. Ẹ má sì rà multivitamin fún un, torí fítámì A àti D inú ẹ̀ lè pọ̀ jù fún un.

Ó yá, ehoro. Ìgbẹ́ dúdú tó rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ehoro ní irú ìgbẹ́ méjì. Ọ̀kan ni èyí tó gbẹ, roboto, tó ń bọ́ káàkiri kéèjì. Èkejì rọ̀, ó kéékèèké, ó ń dán, ó so pọ̀ mọ́ra wọn, èyí ni ehoro máa ń bẹnu kan láti ìdí ara ẹ̀ tí á sì gbé mì, lálẹ́ tàbí ní ìdájí, torí ẹ̀ làwọn tó ń sin ehoro kì í fi rí i. Oúnjẹ gidi ni fún un, púrótéènì àti fítámì B wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ṣúgà àti sítáàṣì bá ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ìgbẹ́ yìí á di ọ̀rọ̀ọ̀rọ̀, á máa rùn, ehoro ò ní jẹ ẹ́ tán mọ́ ló bá ń lẹ̀ mọ́ ọn nírun.

Ohun tó ń fà á ni pé inú ehoro àti gíní-píìgì ò rí bíi tiwa. Àpò ńlá kan wà nínú ìfun wọn, níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, tí koríko ti ń kan bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, àwọn bákitéríà tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń bọ́ ẹranko náà. Koríko ni wọ́n mọ̀. Tí èso dídùn bá wọlé púpọ̀, àwọn bákitéríà rere á dín kù, àwọn burúkú á pọ̀, gáàsì á kún inú, májèlé á jáde, ìfun á sì lè dúró pátápátá. Ehoro ò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó gba ìsàlẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí ìfun tó dúró fi lè pa ehoro láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èmi kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá.

Nítorí náà ẹ dá gbogbo èso dúró fún ehoro méjèèjì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Koríko ni kí wọ́n máa jẹ tọ̀sán-tòru, èyí tó gbẹ dáadáa tàbí tútù tí omi òjò ò sí lára ẹ̀ mọ́: èèsún, ewé ọ̀dùnkún, ewé ẹ̀pà, yúnyun. Ehoro tí ara ẹ̀ le, bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oúnjẹ ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ koríko. Eyín wọn náà ò yé hù láé, eyín iwájú ìsàlẹ̀ ehoro ń hù bíi mílímítà 2 lọ́sẹ̀ kan, koríko ló ń lọ̀ ọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírọ̀ ò lè lọ̀ ọ́. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ nu ìdí ẹ̀ lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ, ẹ má ri gbogbo ara ẹ̀ bọ omi. Ẹ máa wo ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, eṣinṣin máa ń yé síbẹ̀, ìdin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara ẹ̀ lóòyẹ̀ láàárín ọjọ́ kan péré nínú ooru wa yìí.

Tí ìgbẹ́ bá ti padà sípò, tó gbẹ tó roboto, ẹ lè dá èso padà. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má fún wọn o, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ọmọ yín náà á fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún wọn. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Ehoro tó wọn kílò méjì, ṣíbí tíì méjì ni kò gbọdọ̀ kọjá lójúmọ́, èmi sì fẹ́ràn kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ju ojoojúmọ́ lọ. Gíní-píìgì, ègé kan tó tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí gúáfà wà lára ẹ̀, tàtàsé ojoojúmọ́ ò sí nínú ìṣirò yìí. Ọmọ ehoro tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má fún un léso rárá, inú ẹ̀ ò tíì gbó tó. Tí ẹ bá fẹ́ gbé èso tuntun wá, ẹ̀yà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wá wo ìgbẹ́ wọn fún ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó tún fún wọn. Mo mọ̀ pé á nira fún ẹni tí èso kún ilé ẹ̀. Wọ́n á máa wo yín lójú, wọ́n á máa fò, gíní-píìgì á máa han wíìkì wíìkì ní gbàrà tó bá ti gbọ́ ìró ọ̀rá. Ẹ fún wọn ní koríko.

Nínú àwọn èso orí àtẹ yín, gúáfà àti ìbẹ́pẹ ni mo fẹ́ràn jù. Ìbẹ́pẹ, ẹ yọ gbogbo kóró dúdú yẹn kúrò. Ápù dáa, àmọ́ ẹ yọ kóró ẹ̀ torí ó ní ohun tó ń di sáyánáídì nínú ara, kóró kan méjì ò ní pa á lójú ẹsẹ̀ àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Máńgòrò lè wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ bó èèpo ẹ̀. Wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, ṣúgà ẹ̀ ò pọ̀ tó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àmọ́ omi ẹ̀ pọ̀, ègé kékeré nínú ooru ò burú, tó bá ti pọ̀ ìgbẹ́ á rọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn gbogbo wọn, ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ti rọ̀ jù bí èyí tí ẹ ń kó fún wọn yẹn, ṣúgà ló kù níbẹ̀. Dàbínù àti àjàrà gbígbẹ, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, omi ara wọn ti lọ, ṣúgà nìkan ló dúró: ó lé ní ìdajì ìwọ̀n dàbínù tó jẹ́ ṣúgà.

Píà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Tí ẹ bá wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ehoro lè jẹ pear. Èyí tí àwọn òyìnbó ń sọ yẹn kì í ṣe píà tiwa, èso míì ni, ó jọ ápù. Píà tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní avocado, májèlé ni fún ehoro àti gíní-píìgì. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ persin, ó máa ń ba iṣan ọkàn jẹ́, ehoro tó ń fọ́mọ lọ́mú lè ní ọyàn wíwú láti ara ẹ̀. Ewé igi píà tilẹ̀ burú ju èso ẹ̀ lọ. Igi píà wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọdé tí wọ́n bá ní kó lọ já ewé wá fún ehoro lè nawọ́ sí i, ẹ fi igi náà han ọmọ yín kó mọ̀ ọ́n.

Nípa ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àwọn kan á sọ fún yín pé omi ẹ̀ máa ń yọ́ irun tí ehoro lá mì tó dì sínú ikùn. Kò yọ́ irun. Ohun tó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹran ló lè mú rọ̀, irun ò sí nínú ẹ̀. Gbogbo ehoro ló ń lá irun mì, irun yẹn á bá ìgbẹ́ jáde tí ìfun bá ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí ìfun bá dúró ló máa ń dì. Ẹni tó wá ń da omi dídùn sínú ìfun tó ti dúró, gáàsì ló ń fi kún un. Koríko àti omi ló ń gbé irun jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èso mọ ọ̀rọ̀ káábàìdì jù mí lọ, tí àwọn kan fi ń pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ tipátipá, tí NAFDAC ń kìlọ̀ fún wọn lórí ẹ̀. Ẹ fọ èso, ẹ bó o, ẹran kékeré tó wọn kílò kan péré, ohun díẹ̀ ló máa pọ̀ jù fún un. Èso tó ti ń kan, tó ń rùn bí ẹmu, tàbí tó ti hu, orí ààtàn ni ibi tiẹ̀. Ohun tí ẹ bá fún wọn tí wọn ò jẹ tán láàárín wákàtí kan sí méjì, ẹ kó o kúrò, kí eèrà àti eṣinṣin má bàa wọlé tọ̀ wọ́n.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ omi, ó sì ń kọ mí lóminú, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ tó gbà pé ehoro kì í mumi, pé omi inú ewé àti èso ti tó o. Irọ́ ni. Ehoro tó wọn kílò méjì lè mu milílítà 100 sí 300 lójúmọ́. Èyí tí kò bá rí omi mu, oúnjẹ inú ìfun ẹ̀ á gbẹ, ìfun á dúró. Kí omi mímọ́ wà níwájú wọn tọ̀sán-tòru.

Ohun kan tó wù mí kí ọmọ yín máa fi èso ṣe nìyí. Kó máa fún wọn ní àkókò kan náà, ní ìrọ̀lẹ́, láti ọwọ́ ara ẹ̀, kó má da á sínú abọ́. Ní ọjọ́ tí kò bá kan èso, kó fi ewé kan tí wọ́n fẹ́ràn rọ́pò. Ehoro mọ àìsàn pa mọ́ gan-an torí nínú igbó, èyí tó bá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa jẹ, ẹ ò ní mọ̀ títí á fi le. Àmọ́ ehoro tó máa ń sáré wá gba ìbẹ́pẹ tẹ́lẹ̀ tó wá gbóòórùn ẹ̀ tó yíjú kúrò, nǹkan ń ṣe é. Kí ọmọ yín wo ilẹ̀ kéèjì lójú ẹsẹ̀: ṣé ìgbẹ́ wà, ṣé ó ti kéré jù, ṣé ikùn le, ṣé ó ká gúlútú sí igun kan tó ń lọ eyín, ṣé etí ẹ̀ tutù? Tí wákàtí 12 bá lọ tí kò jẹun tí kò sì yàgbẹ́, pàjáwìrì ni, kẹ́ ẹ má sùn lé e lórí.

Ẹ má lọ ra amoxicillin, ampicillin tàbí ampiclox ní kẹ́míìsì fún wọn. Àwọn oògùn yìí tó wà nílé gbogbo èèyàn, tí ehoro tàbí gíní-píìgì bá gbé e mì, ó máa pa àwọn bákitéríà rere inú ìfun ẹ̀, àwọn burúkú á gbalẹ̀, ẹranko lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fi owó ẹ̀ ra irú oògùn yìí fún ẹranko tó nífẹ̀ẹ́.

Ẹ pín kéèjì wọn níyà. Ehoro lè máa gbé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bordetella kiri láìṣe é ní nǹkan kan, gíní-píìgì tó bá kó o lè kú fún àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro tún lágbára, tó bá ta gíní-píìgì nípàá, ó lè ṣẹ́ ẹ léegun. Kéèjì wọn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ògiri ṣáà wà láàárín.

Torí pé Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà sí Bódìjà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé gíní-píìgì yẹn lọ ní kíá, kẹ́ ẹ gbé ehoro tí ìdí ẹ̀ ń dọ̀tí dání kí wọ́n wo eyín ẹ̀ náà. Ẹni tó bá wà l'Ábẹ́òkúta lè lọ sí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ di ìgbẹ́ tàárọ̀ ọjọ́ yẹn sínú ọ̀rá kékeré dání, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ti ń jẹ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, fíìdì adìyẹ náà ńkọ́, ẹ má fi í pamọ́. Tí ẹ bá dé, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa oríkèé gíní-píìgì ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ̀.